Bí ẹ ṣe lè pe agbófinró wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yín láìsọ ọ́ di ẹgba

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí: "Bí o ò bá dákẹ́, màá pe ọlọ́pàá fún ẹ!" Ìyá ń fi dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ jẹun, tíṣà ń fi dẹ́rù ba kíláàsì tó ń pariwo. Kí ọmọ náà tó pé ọdún mẹ́tàlá, ọlọ́pàá ti di ẹgba lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àgbàlagbà kan bá wá ń dọdẹ rẹ̀ lọ́nà ilé-ìwé, tàbí tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ní kó wá wọ ẹgbẹ́ àwọn, kò jẹ́ rántí pé èèyàn kan wà ní téṣàn tí òun lè sá tọ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe olùdámọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba, èmi ni wọ́n sì máa ń rán sí téṣàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pe àwọn ọlọ́pàá, n kò bá wọn ṣe àdéhùn kankan. Ọkọ̀ wọn ya wọ ọgbà wa, ọkùnrin mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ tibọn-tibọn, ni ọmọ JSS1 mẹ́ta bá gba ojú fèrèsé jáde. Ọjọ́ kejì la tó tún fojú kàn wọ́n. Ibi tí ẹ̀kọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún olùkọ́, pírínsípà àti àwọn òbí tó wà nínú PTA, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ní àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ pè

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ aṣọ ìjọba ni ọlọ́pàá. Ẹ pe olùkọ́ mẹ́ta-mẹ́rin jọ, kí ẹ bi ara yín pé kí gan-an ló ń da àwọn ọmọ wa láàmú. Bó bá jẹ́ pé títì márosẹ̀ ló gba iwájú géètì yín, àwọn Road Safety, ìyẹn àjọ FRSC, lẹ ń wá. Bó bá jẹ́ oògùn olóró ni, NDLEA ni, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1989 fún iṣẹ́ yẹn gan-an. Bí ògiri yín bá ti wó, tí ẹnikẹ́ni lè gba ẹ̀yìn kíláàsì wọlé, ẹ lọ bá Sífù Dìfẹ́ǹsì, torí ọ̀dọ̀ wọn ní Àbújá ni ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ààbò ilé-ẹ̀kọ́ wà, ẹ sì lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá yẹ ọgbà yín wò. Ẹgbẹ́ òkùnkùn, olè jíjà, ìfipábánilòpọ̀, ti ọlọ́pàá nìyẹn. Bí igbó àti ọ̀nà oko bá yí yín ká, àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ wọn ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, mọ ọ̀nà yẹn ju ọlọ́pàá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn lọ.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi Road Safety bẹ̀rẹ̀, kódà bó jẹ́ oògùn olóró ni ìṣòro yín. Ọmọ kì í sá fún wọn. Ọ̀rọ̀ wọn kò ní ẹ̀sùn nínú: bí a ṣe ń sọdá títì, bí a ṣe ń jókòó lórí ọ̀kadà, ìdí tí èèyàn kì í fi í bẹ́ sílẹ̀ nínú dánfó tó ń lọ. Wọ́n sì máa ń dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní ilé-ìwé. (Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ ní irú àjọ yìí ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988. Wọlé Ṣóyínká wà nídìí méjèèjì.) Nígbà tí ojú àwọn ọmọ bá ti mọ́ aṣọ agbófinró kan, èkejì kò ní le mọ́.

Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, kí ẹ mú lẹ́tà dání

Orí fóònù kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe èyí. Ẹ kọ lẹ́tà sórí ìwé tó ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kí pírínsípà buwọ́ lù ú. DPO, ìyẹn ọ̀gá téṣàn ọlọ́pàá àdúgbò, lẹ máa kọ ọ́ sí. Fún Road Safety tàbí NDLEA, ọ̀gá ẹ̀ka wọn tó sún mọ́ yín jù. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ kọ́kọ́ fi tó ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó ń bójú tó yín létí, kí wọ́n má baà fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí pírínsípà lẹ́yìn náà. Nínú lẹ́tà náà, ẹ sọ kíláàsì tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ àti iye ọmọ tó wà níbẹ̀, kókó ọ̀rọ̀, ọjọ́ àti aago, àti olùkọ́ tó máa gbà wọ́n lálejò. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, ó kéré tán. Àsìkò ìdìbò àti àsìkò ìdánwò, ẹ má dán an wò.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì fún yín. Kí ẹ sì kí ẹni tó wà ní kàńtà dáadáa, òun ló mọ ìgbà tí ọ̀gá wà lórí ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Omi tútù àti mínírà kò burú, àlejò ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá nǹkan sí epo ọkọ̀, ẹ fọ̀wọ̀ sọ fún un pé ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó PTA, orúkọ ẹni tó gbà á yóò sì wà níbẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, epo wà nínú ọkọ̀ lójijì.

Àdéhùn: ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí

Kí ẹni tó ń bọ̀ tó dé, ẹ bá a jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, inú wọn sì máa ń dùn bí ẹ bá sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ fún wọn. Èmi máa ń kọ àdéhùn náà sójú ìwé kan ṣoṣo, a ó jọ kà á, a ó jọ buwọ́ lù ú.

Àkọ́kọ́ ni pé ibọn kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì. Kí ẹni tó gbé e dúró sí ìdí ọkọ̀, kí ọkọ̀ sì dúró ní ìta géètì. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ilé ni kó wà. Ọ̀gá kan fẹ́ fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe ń de ọ̀daràn lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n "ọ̀daràn" ni wọ́n ń pe ọmọ náà títí tó fi jáde SS3.

Èkejì, kò gbọdọ̀ sí agbófinró kan tó máa dá wà pẹ̀lú ọmọ, ọkùnrin tàbí obìnrin. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọmọbìnrin, ẹ bèèrè ọlọ́pàá obìnrin. Nọ́ńbà fóònù kò gbọ́dọ̀ kọjá láàárín agbófinró àti akẹ́kọ̀ọ́; nọ́ńbà ọ́fíìsì ni kí wọ́n kọ sójú pátákó, kí gbogbo kíláàsì jọ dà á kọ. Ẹ má rò pé mo ń ṣe àṣejù. Ẹni rere kò ní bínú sí òfin yìí, ẹni tó bá sì bínú ti fi ara rẹ̀ hàn yín.

Bákan náà, kí wọ́n má ṣe ní kí ọmọ tó ti mu ìgbó rí nawọ́ sókè. Kí wọ́n má wá "gba ìròyìn" lọ́wọ́ àwọn ọmọ nípa ẹni tó ń tà á ní àdúgbò, torí ọmọ tó bá sọ ọ́ lójú ogójì ọmọ yòókù, ilé ló ń padà sí lọ́sàn-án yẹn, àdúgbò kan náà ni òun àti ẹni tó ń tà á ń gbé. Fọ́tò tó fi ojú ọmọ hàn kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí Facebook àjọ wọn láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i.

Àpótí ìbéèrè

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ gbé páálí kan tí ẹ lu ihò sí síwájú ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn. Kí ọmọ kọ ìbéèrè rẹ̀ láìkọ orúkọ. Ẹ máa rí ohun tí ẹ kò gbọ́ rí. Nínú tiwa, mo ti ka: "Ṣé ọlọ́pàá lè gba fóònù mi kó máa tú u wò?" "Bí bọ̀dá mi bá ṣẹ̀, ṣé wọ́n lè mú mi dípò rẹ̀?" "Kí ló dé tí ẹ fi ń gba owó lọ́wọ́ bàbá mi lójú ọ̀nà?" Èyí tó kẹ́yìn yìí, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n yọ ọ́ kúrò. N kò yọ ọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ìkà ọlọ́pàá, wọ́n sì ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. Bí àlejò yín bá fi èyí ṣẹ̀rín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yòókù ti dòfo. Ẹ fún un ní ìbéèrè náà ṣáájú, kó ronú sí i. DPO kan dáhùn báyìí pé: "Òótọ́ ni, àwọn kan lára wa ń gbà á, òfin kò sì fún wọn láṣẹ. Ibi tí bàbá rẹ lè mú ẹjọ́ lọ nìyí." Kíláàsì pa lọ́lọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ti bọ̀dá tó ṣẹ̀ yẹn, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òfin: wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Òfin Ọlọ́pàá 2020 sọ ọ́ kedere.

Lọ́jọ́ náà

Ẹ má kó gbogbo ilé-ìwé jọ sójú pápá nínú oòrùn. Ọmọ ẹgbẹ̀ta, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń han etí, ìwàásù wákàtí méjì: ẹ fi àkókò ṣòfò nìyẹn. Kíláàsì kan, ogójì ìṣẹ́jú, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ìbéèrè.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwàásù pàápàá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́pàá Los Angeles bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1983 tí wọ́n ń pè ní D.A.R.E. Ọlọ́pàá á wọ kíláàsì lọ kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ oògùn olóró. Ó gbilẹ̀ ká gbogbo orílẹ̀-èdè náà, òbí fẹ́ràn rẹ̀, ọlọ́pàá fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ náà àti èyí tí kò gbà á kò tó nǹkan. Nígbẹ̀yìn, wọ́n dín ìwàásù kù, wọ́n fi ìdánrawò sí i. Ìdánrawò náà ni kí ẹ béèrè: kí ọmọ méjì dúró síwájú, kí ọ̀kan máa fi tramadol lọ èkejì, "ọ̀rẹ́, gbé e mì, wàá lè kàwé mọ́jú", kí èkejì wá ọ̀nà tó máa fi kọ̀ láìba ọ̀rẹ́ jẹ́. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu wọn á ti mọ ọ̀rọ̀ náà kí ọjọ́ gidi tó dé.

Kí ẹni NDLEA dárúkọ ohun tó wà ládùúgbò: ìgbó, kolorado, tramadol, omi ìkọ́ tó ní kódéìnì tí ìjọba fòfin dè ní 2018. Kó sọ ohun tó ń ṣe sí ara. Kó má sọ iye tí wọ́n ń tà á àti bí wọ́n ṣe ń pò ó pọ̀. Mo ti rí ibi tí ìkìlọ̀ ti di ẹ̀kọ́ ìsebẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ

Ìbẹ̀wò kan ṣoṣo kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ mú ọjọ́ kejì kí wọ́n tó kúrò nínú ọgbà. Ẹ̀ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan tó, bó bá ṣeé ṣe kí ẹnì kan náà máa wá. Ẹgbẹ́ Road Safety tí ẹ bá dá sílẹ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ gidi: kí olùkọ́ àti àwọn ọmọ SS méjì máa wà létí títì ní àkókò ìjáde, olùkọ́ ni kó máa dá ọkọ̀ dúró, kí àwọn ọmọ máa kó àwọn kékeré sọdá. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára géètì, ẹ má lẹ bébà mọ́ ọn: 112 fún pàjáwìrì, 122 fún Road Safety, àti 767 bí ẹ bá wà ní Èkó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ìmúrasílẹ̀ fún ibí yìí ni.

Kí ẹ kọ́kọ́ ya ìwà àìgbọràn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀ràn. Ọmọ tó pẹ́, tó mú fóònù wá, tó bú olùkọ́, tó ja ìjà ọwọ́ lásán, ilé-ìwé àti òbí ló ni ín. Ẹ má pe ọlọ́pàá sí i láéláé. Ọ̀bẹ, ibọn, oògùn olóró tí wọ́n ń tà, ìfipábánilòpọ̀, ìjínigbé, ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ti ń ṣe ọmọ léṣe, ìwọ̀nyí kọjá agbára pírínsípà, ẹni tó bá sì bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe ibi. Ní Èkó, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2021 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún lélẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ó sì ní ìjìyà fún ẹni tó bá fi wọ́n pamọ́ pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ yín ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ rántí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe é ní 2003, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Òfin náà ní kí wọ́n fi tó òbí tàbí alágbàtọ́ létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti mú ọmọ. Ó ní àtìmọ́lé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n máa lò kẹ́yìn, nígbà tí ọ̀nà yòókù bá ti dí. Kò sí ẹ̀wọ̀n fún ọmọdé, kò sí ẹgba ilé-ẹjọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ yẹn: ẹ pe òbí kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó dé. Ẹ mú ọmọ náà wọ ọ́fíìsì, kó má ṣe jẹ́ ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti máa mú un. Bí wọ́n bá máa gbé e lọ, kí olùkọ́ kan bá a wọkọ̀, kó má kúrò níbẹ̀ títí òbí yóò fi dé. Kí ọmọ má buwọ́ lu ìwé kankan láìsí òbí tàbí lọ́yà. Ẹ kọ orúkọ ọlọ́pàá tó wá, nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀, aago tó dé àti aago tó lọ. Ní téṣàn, ẹ bèèrè ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé. Kò sí ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá fi gbọ́dọ̀ bá àgbàlagbà dùbúlẹ̀ nínú sẹ́lì kan. Bẹ́ẹ̀lì, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri téṣàn gan-an, ẹ sáà kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá ọmọ lò pọ̀, ohun mìíràn ni. Ẹ má jẹ́ kó wẹ̀. Aṣọ tó wọ̀, inú bébà ni kí ẹ dì í sí, ọ̀rá máa ń jẹ́ kó bu. Ẹnì kan ṣoṣo tí ọmọ náà fọkàn tán ni kó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Kí pírínsípà, igbákejì, alága PTA àti pásítọ̀ má tún máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e dé ilé-ìwòsàn kíá, ó pẹ́ jù wákàtí 72, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má dúró de ìwé láti téṣàn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, Mirabel Centre tó wà ní ọgbà ilé-ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà ń ṣe ìtọ́jú yìí lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2013. Bó bá jẹ́ pé olùkọ́ ló hu ìwà náà, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ẹjọ́ ń lọ, kì í ṣe ìpàdé àwọn àgbààgbà.

Ti ìjínigbé, ẹ má rò pé òkè Ọya nìkan ló ń ṣẹlẹ̀. Ní 2017, wọ́n kó ọmọ mẹ́fà ní Ìgbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó rí wọn gbà. Ní oṣù kìíní 2024, inú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ kékeré ní Èmùrè-Èkìtì. Ohun tí ẹ lè bá agbófinró ṣe ṣáájú ni kí ẹ fún téṣàn ní àwòrán ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì yín ń gbà àti aago tó ń gbà á, kí ẹ máa yí aago náà padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí dírẹ́bà máa pe ẹnì kan tó bá gbéra àti tó bá dé. Bí ìpè kò bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹni náà pe téṣàn. Kó má dúró wo bóyá táyà ló jò.

Bí agbófinró fúnra rẹ̀ bá ṣẹ̀

Ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ, kí ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ yín, tàbí sí Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti orílẹ̀-èdè, tó ní ọ́fíìsì káàkiri. Àdéhùn tí ẹ jọ buwọ́ lù yẹn ló máa jẹ́rìí yín níbẹ̀.

Ó ku ohun kan tó ti dà mí láàmú rí. DPO kì í pẹ́ lójú kan. Ẹ máa bá ọ̀kan ṣe é títí á fi dára, bó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè kan ẹ̀ẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ kó lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́, ìwé àdéhùn àti àwọn ìbéèrè ọmọ sínú fáìlì kan, kí ó wà ní ọ́fíìsì, kì í ṣe nínú báàgì olùkọ́ kan. Bí tuntun bá ti dé, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó jókòó, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé fáìlì yẹn lọ kí i. Ìbéèrè àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un kà.